Igi Ìṣáná Lẹ́nu Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ẹ pa maṣíìnì yẹn kí n lè gbọ́ ohùn ara mi. Ẹ ti pa á? Ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri pẹ̀lú. Ó dáa. Ẹ wá ibì kan jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó lórí àpò ìṣó mi. Ẹni tí ìṣó bá gún nídìí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ẹ̀rín ni n ó fi tọ́jú rẹ̀.

Inú ń bí mi. Ẹ má wò ó pé eyín mi wà níta. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn, tí inú bá bí mi dé góńgó, ẹ̀rín ló máa ń bá ẹnu mi jáde. Baálé mi, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé tí òun bá gbọ́ ẹ̀rín mi láti ìta, òun á kọ́kọ́ dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí òun fi mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Tí kò bá jẹ́ òun, òun á wọlé. Tí ó bá jẹ́ òun, òun á padà sí mọ́ṣáláṣí lọ kírun tí òun ti kí tẹ́lẹ̀.

Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń ta ìṣó, híńjì, gúlù àti sáńdípépà, kí n tó fi wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kún un nígbà tí àwọn káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná ṣiṣẹ́. N ò kàwé. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńdípépà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbé wáyà lé mi lọ́wọ́ kí ẹ di ojú mi, n ó sọ fún yín èyí tó lè gbé gílóòbù nìkan àti èyí tó lè gbé maṣíìnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, tẹ́ ẹ ń fi fóònù wo gbogbo ayé, ẹ̀yin lẹ̀ ń fi wáyà fáànù wa maṣíìnì ìlagi. Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Ẹ̀yin tiẹ̀ gun orí igi, ẹ wá di ojú.

Nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó lọ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ ló ń jí wa. Tí wọ́n bá kírun àsùbáà tán, ẹ ó gbọ́ ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀, ẹ ó gbọ́ ewúrẹ́, lẹ́yìn náà ni ayùn á bẹ̀rẹ̀: ṣààà, ṣààà, ṣààà, bí àgbàlagbà tó ń mí lójú oorun. Ariwo náà kò dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. A ń ṣòfófó lórí rẹ̀, a ń na ọmọ lórí rẹ̀, a ń kọrin lórí rẹ̀. Tí ayùn bá dákẹ́ lójijì, gbogbo obìnrin agboolé á gbé orí sókè: kí ló ṣẹlẹ̀? Lónìí, ìgbà tí ariwo bá dákẹ́ lẹ ń bú oníná.

Lagilagi ni baálé mi kó tó di káfíńtà. Pákó kì í ṣe ohun tí a ń rà tó ti gún régé nígbà yẹn. Igi odindi ni. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tó jìn ju ìdúró ènìyàn lọ, wọ́n á gbé igi dábùú ẹnu rẹ̀, ẹnì kan á dúró lórí igi, ẹnì kan á wà nínú kòtò, ayùn gígùn kan á wà láàárín wọn. Ẹni òkè á fà, ẹni ìsàlẹ̀ á fà. Gbogbo ìyẹ̀fun igi, ẹni ìsàlẹ̀ ló ń dà lé lórí. Bó bá fi máa di ọ̀sán, ó ti dà bí ẹni tó ń lọ èlùbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé oúnjẹ lọ bá wọn, ìyàwó tuntun, mo ṣí abọ́ ọbẹ̀ lẹ́bàá kòtò kí gbogbo ènìyàn lè rí ẹran tó wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun igi dà sínú rẹ̀ títí n kò fi rí ẹran mọ́. Baálé mi jẹ ẹ́ tán, ó lá ọwọ́, ó ní, “Ọbẹ̀ yìí nípọn dáadáa.” Ìfẹ́ nìyẹn o. Ẹ̀yin, tí iyọ̀ bá dín díẹ̀ nínú ọbẹ̀, ẹ ti gbé e sórí fóònù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nìyí. Kí eyín ayùn tó kan igi, ẹni òkè á ké pé, “Ìsàlẹ̀ ńkọ́?” Ẹni ìsàlẹ̀ á dáhùn pé, “Ìsàlẹ̀ wà!” Nígbà náà ni ayùn á tó mì. Bí wọ́n bá dúró mumi, bí wọ́n bá dúró nu òógùn, bí wọ́n tiẹ̀ dúró họra, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ké. Lójúmọ́, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà ọgọ́ta. Ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ìsàlẹ̀ wà. Àwọn ọmọ wa fi ń ṣeré oṣùpá.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ baálé mi kan tó ń jẹ́ Làmídì ló wà nínú kòtò. Àgbàdo sísè ló kún ẹnu rẹ̀. Baálé mi ké láti òkè: “Ìsàlẹ̀ ńkọ́?” Làmídì ní, “Ùhn-ùhn.” Baálé mi bá jókòó sórí igi, ó ká ẹsẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó ni igi ń pariwo pé ilẹ̀ ń ṣú lọ. Baálé mi ní, “N ò gbọ́ ènìyàn nísàlẹ̀. Àgbàdo ni mo gbọ́. N kì í bá àgbàdo lagi.” Ó jókòó títí Làmídì fi jẹ àgbàdo náà tán, tó nu ẹnu, tó dáhùn bí ọmọ ènìyàn. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òwe ni.

Tí Iléyá bá ku ọ̀la, gbogbo káfíńtà àdúgbò wa á kó irinṣẹ́ wọn jáde. Wọ́n á tẹ́ ẹní sójú agbo ilé, wọ́n á to ayùn, ìfági àti òòlù sórí rẹ̀ bí àlejò tó rìn jìnnà, wọ́n á fi epo pupa pa wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ dá a kọjá. Ọdún kan, àgbò wa já okùn, mo gbá tẹ̀lé e, mo fo ẹní kọjá bí ẹtu. Wọ́n ní kí n dín àkàrà fún gbogbo káfíńtà àdúgbò gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Mo dín in. Ata tí mo fi sí i, títí Iléyá kejì ni wọ́n ń sọ ọ́. Wọn ò tún bu owó ìtanràn lé mi láyé.

Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún irinṣẹ́ nìyẹn. Irin tó lè gé igi, ó lè gé ẹran. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń hùwà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí baálé mi papòdà, àáfà tó wẹ̀ ẹ́ jáde wá bá mi, ó ní, “Màmá, ẹ kú àìfararọ. Káfíńtà tó lo ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tí ìka rẹ̀ pé mẹ́wàá! N ò rí irú ẹ̀ rí.” Mo ń sunkún lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ wo ọwọ́ àwọn ọ̀gá yín lónìí. Ẹlòmíràn, tó bá juwọ́ sí ọ, o ò ní mọ̀ bóyá ó ń kí ọ ni tàbí ó ń ka ohun tó kù.

Iná mànàmáná dé bá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọkùnrin kan tó wọ kakí ló wá so ó. Ó gbé àkàbà, ó yẹ ilé wò láti iyàrá dé iyàrá, ó rí wáyà kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn lẹ́bàá ilé ìdáná, ó bá gbé àkàbà rẹ̀ ó ń lọ. A bẹ̀ ẹ́. Bàbá ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbàlagbà! Ó ní, “Ẹ dìde, Bàbá. Iná ò mọ bàbá, kò mọ ọmọ. Ẹ tún un ṣe, n ó padà wá.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi jókòó nínú òkùnkùn tí gílóòbù àwọn aládùúgbò ń tàn sí wa lójú. Mo bú ọkùnrin yẹn títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Níbikíbi tó bá wà lónìí, kó dárí jì mí.

Nítorí mo ti rí àwọn tó rọ́pò rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní tẹ́sítà kan lápò, ẹnjiníà ni. Wọ́n á fi eyín bó wáyà bí ẹni ń jẹ ìrèké. Maṣíìnì dé pẹ̀lú pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbà á, kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ kẹta sọnù. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Nígbà tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ, ibo lẹ fẹ́ kí iná náà gbà? Àyà yín ni. Fíúùsì jó, ẹ fi bébà inú páálí sìgá dí i. Ẹ̀yin ọmọ, fíúùsì tó jó, ó kú kí ẹ má baà kú ni! Ẹ wá fi bébà sìgá jí òkú, ẹ ní kó wá pa yín. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀yin fi í sórí òrùlé, ẹ tún ń fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà pa á.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ilé mi. Ẹni tó bá máa bú ará ìta, kó kọ́kọ́ bú ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú baálé mi ni mo padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àbíkẹ́yìn mi, Múfútáù, bá mi wá. Káfíńtà ni bíi bàbá rẹ̀, ó ti níyàwó, ó bí ọmọ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ọ̀nà Takie. Nínú ààwẹ̀ tó kọjá yìí, mọ́ṣáláṣí àdúgbò gbé iṣẹ́ mínbárì fún un, àga gíga tí ìmáàmù ń dúró lé ka kútúbà, ìyẹn ìwàásù. Wọ́n fẹ́ lò ó lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀. Iṣẹ́ iyì ni. Ó ra maṣíìnì ìlagi nítorí rẹ̀, tábìlì onírin tí ayùn róbótó yọ eyín sókè láàárín rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án sí Ìtúnu. Mo kírun àìlà tán, mo gbé àpótí ìjókòó mi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì lọ bá a kó bá mi tún un ṣe. Láti òdìkejì títì ni mo ti ń gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jóná. Mo wọlé, maṣíìnì ń ké bí ìyá àgbà tí wọ́n jí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, mo wo ara ògiri. Wáyà inú fáànù àtijọ́ ni, tín-ín-rín bí òwú. Wọ́n so ó lójú méjì, wọ́n fi ọ̀rá omi mímu wé ojú ìsopọ̀ náà. Pọ́lọ́ọ̀gì kò sí. Orí wáyà méjèèjì wà ní ìhòòhò nínú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì, igi ìṣáná méjì ló há wọn mọ́ ibẹ̀.

Èmi! Èmi tí mò ń ta pọ́lọ́ọ̀gì!

Mo ní, “Múfútáù, kí ni mò ń rí yìí?”

“Ẹ kú ọ̀sán, Màmá. Mínbárì ni.”

“Mo rí mínbárì. Èyí tó wà lára ògiri ni mò ń bi ọ́.”

“Iná ni, Màmá.”

“Ṣé iná náà ń tayín ni?”

Aládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ́ Èlíjà, tó ń jó irin pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ènìyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n agbárí rẹ̀ ṣófo bí igbá òfìfo. Ó ní, “Màmá, ẹ fara balẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìṣáná yẹn ló dì í mú kó má yọ.”

Mo ní, “O ṣeun, Èlíjà. Tí ilé bá wá ń jó, ṣé ìwọ lo máa lọ ra ìṣáná mìíràn?”

Múfútáù kò rẹ́rìn-ín. Ebi ààwẹ̀ ń pa á, iṣẹ́ ń lé e. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ ò mọ nǹkan kan nípa iná. Ẹ gbé àpótí yín kalẹ̀, kí ẹ lọ máa ta ìṣó yín.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ẹnu ẹ̀rín náà ni mo wà tí iná fi lọ. Maṣíìnì rọlẹ̀, ayùn dúró. Pákó kan há sí i lẹ́nu, kò wọlé, kò jáde. Ẹ wò ó, ohun tí ọmọ mi ṣe nìyí, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́: kò pa súwíìṣì. Iná ti lọ, kí ni wọ́n ń pa? Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di pákó mú, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àárín eyín ayùn, ó ń mì ín kó lè tú. Ayùn náà wà ní títàn. Iná nìkan ló ń dúró dè.

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Mo gbọ́ ẹnu mi tó ké: “Ìsàlẹ̀ ńkọ́?”

Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. “Ẹ ní kí ni?”

Mo bá sáré sí ara ògiri, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá wáyà náà mú níbi tó ti fi rọ́bà bora, mo fà á. Igi ìṣáná fò lọ sí ibi tí a kò rí i mọ́.

“Màmá! Kí lẹ tún ṣe yẹn? Ó gba èmi àti Èlíjà ní...”

Kò parí rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ títì la ti gbọ́ ọ, àgbà àti èwe: “Iná ti dé o! Iná ti dé!” Ayọ̀ ń bẹ. Gílóòbù orí wa tàn. Rédíò Èlíjà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti àárín ìpolówó ọṣẹ. Fáànù ń yí. Gbogbo ohun tó ń lo iná ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń ṣiṣẹ́, àfi maṣíìnì kan. Ìka ọmọ mi mẹ́rin sì wà láàárín eyín rẹ̀.

Múfútáù wo gílóòbù. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo wáyà tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ń yọ ìka rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yọ egungun ẹja lọ́fun ọmọ, lẹ́yìn náà ó jókòó sínú ìyẹ̀fun igi. Èlíjà ní, “Jésù!” Ó sì pa rédíò.

Ẹ má fi tèmi ṣe àwòkọ́ṣe o. Tí wọ́n bá mú iná dé kí igi ìṣáná tó yọ, orí wáyà tó wà ní ìhòòhò yẹn ì bá ti bá mi wí. Súwíìṣì ara ògiri wà níbẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ pa á, kí n tó ronú ohun mìíràn. Ìbínú ló borí ọgbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn. Tí mo bá rántí rẹ̀, inú ara mi náà máa ń bí mi.

Mo gbé àpótí mi tó ń mì síwájú maṣíìnì náà, mo jókòó. Mo ní kò sẹ́ni tó máa tan nǹkan kan níbẹ̀ títí oníṣẹ́ iná gidi yóò fi dé.

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Múfútáù ni, “Màmá, mínbárì.”

“Kí ìmáàmù dúró lórí páálí ìṣó mi.”

Ọjọ́ méjì ni oníṣẹ́ iná kò fi ráyè. Ní ọjọ́ méjèèjì yẹn, Múfútáù gbé ayùn bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lára ògiri, ó ń fi ọwọ́ la pákó mínbárì. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ti lé ròrò kí oòrùn tó dé àtàrí, ilà rẹ̀ sì wọ́ bí ọ̀nà oko. Mo di orí pákó mú fún un. Mo ní, “Má fi agbára tì í. Jẹ́ kí ó lọ, kó padà.” Ó wá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: ṣààà, ṣààà. Mo kọjú sí ògiri. Ìyẹ̀fun igi ló kó sí mi lójú.

Bàbá Ìbejì, oníṣẹ́ iná náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ojú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti dúdú, ó mi orí. Ó fa wáyà nínípọn láti ojú mítà wá tààrà, fún maṣíìnì nìkan, ó fún un ní ohun tó máa já tí iná bá pọ̀ jù. Ó gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ri ọ̀pá irin mọ́ ọn, ó da èédú àti iyọ̀ sí i, ó da omi lé e, ó so wáyà kẹta mọ́ ọ̀pá náà. Ó fi pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, láti inú ṣọ́ọ̀bù mi. Lẹ́yìn náà ó de bọ́tìnì kan mọ́ ara tábìlì.

Ó ní, “Tí iná bá lọ, eléyìí á já fúnra rẹ̀. Bí wọ́n mú iná dé lẹ́ẹ̀mẹwàá, ayùn ò ní yí àfi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀síbẹ̀, kí ọwọ́ yín tó sún mọ́ eyín rẹ̀, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ gbé e sí ibi tí ojú yín ti ń rí i.”

Mo ní, “Irú nǹkan báyìí wà láyé, kí ló dé tí o ò ti bá a ṣe é látọjọ́ yìí?”

“Wọn ò pè mí, Màmá. Ìgbà tó bá ti jó ni wọ́n ń pè mí.”

Ẹ gbọ́ o. Ìgbà tó bá ti jó.

Mínbárì parí nígbà tí Ìtúnu ku ọ̀la. Pákó méjì wà lápá òsì rẹ̀ tí ojú wọn kò gún tó ìyókù, àwọn tí a fi ọwọ́ là. Ìmáàmù kò rí i. Èmi rí i.

Ṣùgbọ́n ìròyìn ti tàn. Lẹ́yìn ìṣínu, gbogbo Takie wá kí ọmọ mi kú orí ire ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tí ẹnì kan bá wọlé, á ní, “Ewu iná kì í pa àwòdì!” Ẹni kejì á wọlé, á ní, “Ewu iná kì í pa àwòdì!” Nígbà tó di ẹni keje, mo ní, “Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀, ṣé ẹ rí ìyẹ́ níbẹ̀? Ṣé Múfútáù lápá tó lè fi fò ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo ògiri. Kò sí ẹni tó bi mí pé, báwo lẹ ṣe wá so ó báyìí? Ewu kọjá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n mu sóòbò tí ìyàwó rẹ̀ gbé wá, wọ́n padà sídìí igi ìṣáná wọn.

Ẹni tó kẹ́yìn wọn ni Èlíjà. Ó wọ aṣọ àdúrà rẹ̀ funfun báláú, ó mú àbẹ́là méje wá, ó kọ orin ọpẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó sọ fún gbogbo ilé bí òun ṣe fi ojú ara òun rí i, bí ìka ṣe wà láàárín eyín, bí Olúwa ṣe rán Màmá. Inú mi rọ̀ sí i. Mo ní, ó ku ẹnì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbọ́n.

Nígbà tó dìde, kò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo abẹ́ tábìlì.

“Màmá.”

“Èlíjà.”

“Wáyà yẹn ńkọ́?”

“Wáyà wo?”

“Èyí tí ẹ fà yọ lọ́jọ́sí. Mo rò pé ẹ ò ní lò ó mọ́. Mo ní maṣíìnì kékeré kan tí mo fi ń lọ irin, wáyà tiẹ̀ ti jó.”

Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Aṣọ funfun. Omi ojú kò tíì gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa wáyà náà jáde lábẹ́ tábìlì, ó na ọwọ́ láti gbà á. Mo mú sísọ́ọ̀sì tí mo fi ń gé sáńdípépà. Mo jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá, láti orí dé ìdí, mo ń gé, mo ń rẹ́rìn-ín, Múfútáù sì sá jáde. Èlíjà dúró, ó ń wò mí bí ẹni tí ajá gbé ẹran rẹ̀ lọ. N kò dúró títí gbogbo rẹ̀ fi di òkìtì nílẹ̀.

Ó lóṣòó ti òkìtì náà. Ó fi ìka tú u díẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti bá mi fi èyí tó gùn díẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.”